Ọkọ̀ RV ní aṣálẹ̀ Death Valley: ohun tí ọ̀nà Ìbàdàn kò kọ́ wa

Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí, tó ti bá táńkì omi, jẹnẹrétọ̀, inverter àti sílíńdà gáàsì yí, ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú RV, ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, kó tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ilé Èkó kékeré tí wọ́n gbé lé orí táyà mẹ́fà ni. Omi rẹ̀ wà nínú táńkì, iná rẹ̀ wà nínú bátìrì, ìdọ̀tí rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, onílé ló sì ń bójú tó gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń rú àwọn ará wa lójú ní Amẹ́ríkà ni ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tiwa máa ń tajà. Bí ọkọ̀ bá dúró láàárín Èkó sí Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí oníbúrẹ́dì, onígálà àti alómi inú ọ̀rá á fi dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí táyà bá jò, fọ́kanáísà wà níwájú lábẹ́ igi. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í palẹ̀ mọ́ púpọ̀. Owó là ń mú dání. Láti Pahrump ní Nevada dé Furnace Creek ní àárín Death Valley, ọgbà ìjọba tó jẹ́ aṣálẹ̀ ní California, nǹkan bíi máìlì 60 ni, kò sì sí fọ́kanáísà kan ṣoṣo. Owó tó wà lápò kò lè ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò tà. Nítorí náà, ilé ni ìrìn àjò yìí ti ń yọrí tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Oṣù Kejì ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ Ajé kẹta nínú rẹ̀ ni ìsinmi Presidents' Day. Lásìkò yẹn, ọ̀sán Furnace Creek máa ń wà ní nǹkan bíi 23°C, òru sì máa ń já sí 8°C. Ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún àti ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ẹ fi sílẹ̀ fún ibòmíràn. Níbí yìí ni wọ́n ti ka 56.7°C ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní RV ni kì í sì í gbà kí ọkọ̀ wọn wọ ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jọ ti ọyẹ́. Ní Èkó, òógùn tó rin ṣẹ́ẹ̀tì ló ń rán wa létí pé ká mumi. Ní aṣálẹ̀, òógùn ti gbẹ kó tó kan aṣọ, òùngbẹ á sì ti wọni lára kéèyàn tó fura.

Nílé, a lè dé ìlú kí a tó máa wá òtẹ́ẹ̀lì. Ní Furnace Creek Campground, ibi tí àwọn RV ń dúró sùn, ààyè 18 péré ló ní iná, omi àti ihò ìdọ̀tí pa pọ̀, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n sì ti ń ṣí i sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àárín oṣù Kẹjọ ni kí ẹ ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá rí i gbà, Sunset Campground wà nítòsí, ilẹ̀ gbalasa tí kò ní iná rárá. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ Èkó á ti wúlò. Ẹ má sì yá RV tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, nítorí ọkọ̀ tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ Artists Drive tàbí gun òkè Dante's View, ibi méjì tó yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo. Las Vegas sí Furnace Creek tó máìlì 120. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 240. Ẹ fi 200 kún un fún ìrìn inú ọgbà, ó di 440. RV á rin máìlì 8 lórí gálọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ó máa jẹ gálọ́ọ̀nù 55, ìyẹn lítà 208: odindi táńkì kan nínú ọ̀pọ̀ RV irú èyí. Pahrump ni kí ẹ ti rọ ọ́ kún, torí epo inú ọgbà wọ́n gan-an. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rọ ọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan: epo ọkọ̀ ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní "gas". Gáàsì ìdáná tiwa, "propane" ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ pa kí ẹ tó wọ ilé epo.

Jẹnẹrétọ̀ RV ń mu epo nínú táńkì ọkọ̀ gan-an, nǹkan bí ìdajì gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan. Páìpù rẹ̀ kò kan ìsàlẹ̀ táńkì. Bí epo bá kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin, á kú fúnra rẹ̀ kí ẹ lè rí èyí tó máa gbé yín jáde. Ọ̀pọ̀ ti pè é ní jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́. Aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́ nìkan ni wọ́n gbà kí ó dún. Lóru, bátìrì ló kù, kò sì lè gbé AC tàbí máíkíróweefù, gẹ́gẹ́ bí inverter ilé kò ṣe lè gbé áyọ́ọ̀nù. Ohun tó ń pa á lójijì ni fáànù ẹ̀rọ amóoru, tó ń jẹ tó ámpù 7 tàbí 8. Bátìrì olómi kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 12.1 fóltì lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sàn jù.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò mọ Èkó yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ ti fèrèsé tó wà lókè ẹnu páìpù rẹ̀, ẹ sì dán aláàrámù èéfín olóró (carbon monoxide) wò kí ẹ tó sùn.

Táńkì omi máa ń gba bíi gálọ́ọ̀nù 35, garawa onílítà ogún mẹ́fà àbọ̀. Ṣáwà ìṣẹ́jú mẹ́wàá á jẹ 15 nínú rẹ̀. Níbi yìí, ọmọ Èkó tó ń fi àbọ̀ garawa àti ike wẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Omi mímu yàtọ̀: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ìyẹn 16 fún èèyàn mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́rin, nínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Àmọ́ omi ìwẹ̀ tàbí omi abọ́ kò ṣeé dà síta bí a ṣe ń dà á sí gọ́tà. Inú táńkì kejì ló ń lọ, ìgbọ̀nsẹ̀ sì ní ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta yìí ni sọ́kàwéè tó ń bá yín rìn. Ẹ má ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láé, bí ihò ìdọ̀tí tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: omi á ṣàn lọ, èyí tó le á jókòó, á gbẹ, á sì di òkìtì tí kò ní tú. Níbi tí wọ́n ti ń dà á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ yí páìpù mọ́ ẹnu ọkọ̀ títí ìkọ́ rẹ̀ á fi mú, ẹ ti ẹnu kejì bọ ihò ilẹ̀, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà ṣí; páìpù á wúwo, á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà á fúyẹ́. Ẹ tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ṣí ti omi ọṣẹ, kó fọ páìpù yẹn mọ́. Ẹ da gálọ́ọ̀nù omi méjì àti oògùn táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó tún lò ó.

Fíríìjì tó ń lo gáàsì gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá fì, amóníà inú rẹ̀ kò ní yí po, ó sì lè bàjẹ́ pátápátá. Ẹ tàn án ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọbẹ̀ ata tí ẹ ti sè, tí ẹ sì mú kó dì bí òkúta nílé, ni yìnyín tó dára jù.

Ní ti táyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, bíi 2319, ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ fún yín, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jọ tuntun. Àárọ̀ kùtù, kí táyà tó gbóná, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́. Dante's View ga ju mítà 1,660 lọ. Bí ẹ ń gùn ún, ẹ pa AC. Bí ẹ ń sọ̀ ọ́, ẹ ṣe bí awakọ̀ tó mọ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè: jíà kékeré ni, ẹsẹ̀ lórí búréèkì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kó tutù.

Ẹ ti gba máàpù sórí fóònù ṣáájú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú, ẹ má fẹsẹ̀ rìn wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni òjìji àti omi wà, òun náà ni olùwárí á kọ́kọ́ rí.

Ní ọjọ́ Ajé ìsinmi yẹn, tí ẹ ń padà, ẹ dé ibi ìdàdọ̀tí kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ìlà tó gùn. Kí ẹ tó dá ọkọ̀ padà, ẹ ya fọ́tò géèjì epo, nọ́ńbà máìlì àti mítà wákàtí jẹnẹrétọ̀, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n á fi ṣírò owó yín.