Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Há Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi àgbà ní giramafóònù kan nínú pálọ̀ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n máa ń fi aṣọ funfun bò, tí ọmọ kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a sì ti jẹun tán, ni wọ́n máa ń ṣí i. Wọn a fa àwo kan yọ nínú páálí rẹ̀, wọn a fẹ́ eruku ojú rẹ̀ dànù, wọn a rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e, gbogbo wa a sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwo ìjálá Ògúndáre Fóyánmu ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn ni, ṣùgbọ́n ojú kìn-ín-ní àwo náà ti gba ọgbẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibi ọgbẹ́ yẹn, ńṣe ni yóò máa pa dà sẹ́yìn: ìdajì ọ̀rọ̀ kan àti ìró ìlù tí ó tẹ̀ lé e, léraléra, bí ẹni tí òsúkè mú. Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Bàbá a ní, "Abẹ́rẹ́ ti há," wọn a fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá tí ó gbé abẹ́rẹ́ náà dání kí ó lè wúwo díẹ̀, ìjálá a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ DJ ni mo ń ṣe báyìí. Ilé ìgbafẹ́ kan tí kò jìnnà sí Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, ni mo ti ń fi orin sí i ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Kí n má parọ́, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí ó bá ti mu ìgò kejì kì í fẹ́ gbọ́ ju orin tí ó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n láti aago méje títí di aago mẹ́sàn-án, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, tí súyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sánsán lórí iná, àwo nìkan ni mo máa ń lò: hip hop àtijọ́, jazz, àti àwọn àwo ilé wa tí ó bá wọn mu. Ọ̀gá tí ó ni ilé náà gbà mí láàyè nítorí pé àwọn àgbà tí wọ́n ń wá lákòókò yẹn máa ń jókòó pẹ́, wọ́n sì máa ń sanwó láìjiyàn.

Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé kí ni mo rí nínú ike dúdú tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ó há nílé bàbá mi àgbà ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Ilà kan ṣoṣo ló wà lójú àwo, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, tí ó ń yí bírí wọlé títí dé àárín, tí ògiri rẹ̀ méjèèjì sì rí gbágungbàgun. Gbágungbàgun yẹn ni ó ń mú abẹ́rẹ́ gbọ̀n, gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ ni ẹ̀rọ sì ń sọ di orin. Bí ohun kan bá ya ògiri náà, abẹ́rẹ́ a yọ̀ bọ́ sínú ìyípo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, a sì tún un rìn. Àwo ńlá, irú èyí tí ó kọ́kọ́ dé ọjà ní ọdún 1948, ń yípo ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó já sí pé ìyípo kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.8. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 nínú ohùn Fóyánmu ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà, tí a ó sì máa gbọ́ ọ títí kọ́bọ̀ yóò fi dé.

Ohun tí bàbá mi àgbà ń fi kọ́bọ̀ wò sàn yìí, ẹnì kan ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di iṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, nínú ilé ńlá kan tí àwọn ayálégbé ń gbé ní 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, ní ìlú New York, ọmọ Jàmáíkà kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kool Herc ni ó ń fi orin sí i níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe kí ó lè rówó ra aṣọ tí yóò fi wọlé sí ilé-ìwé. Ohun tí Herc ti kíyè sí ni pé àwọn oníjó kì í fi gbogbo ara jó àfi tí orin bá dé ibi tí akọrin àti fèrè ti dákẹ́, tí ó ku ìlù nìkan, ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ kọjá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwo kan náà ní méjì lórí ẹ̀rọ méjì: bí ìlù bá ti ń parí lórí èkínní, yóò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì, yóò sì dá èkínní pa dà sẹ́yìn, títí ìlù ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ a fi di ti ìṣẹ́jú púpọ̀. (Oṣù Kìíní ọdún yẹn gan-an ni kọ́bọ̀ di owó níná ní Nàìjíríà, bí mo bá rántí rẹ̀, èmi nìkan a máa rẹ́rìn-ín.)

Ẹni tí ó bá ti lọ sí òde ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí kò ní ya ẹnu sí iṣẹ́ Herc. Bí onídùndún bá rí i pé ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó ti bọ́ sójú ijó, tí owó sì ti ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí, ìyáàlù kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni yóò máa tún lù, tí gúdúgúdú yóò máa gbè é lẹ́yìn, títí ijó yóò fi tán lẹ́sẹ̀ ìyá tàbí tí owó yóò fi tán lápò àwọn àna, èyí tí ó bá kọ́kọ́ tán nínú méjèèjì.

Hip hop, tí ó ti ọwọ́ Herc bẹ̀rẹ̀, ni ó mú mi dé ìdí jazz. Nínú àwo tí ẹgbẹ́ hip hop kan, A Tribe Called Quest, gbé jáde ní ọdún 1991, Ron Carter, ẹni tí ó ti ta béèsì fún Miles Davis, afọnfèrè jazz, ní àwọn ọdún 1960, bá wọn ta béèsì nínú orin kan. Orí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi kan mú wá láti Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. N kò mọ ẹni tí ó ń ta á, ṣùgbọ́n béèsì náà ń rìn bí àgbàlagbà tí kò kánjú dé ọjà, mo sì fẹ́ mọ ilé rẹ̀. Nígbà tí Guru, olórin rap, tún pe Donald Byrd, oníjazz, wá fọn fèrè lé rap lórí ní ọdún 1993, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn páálí ni ènìyàn ti ń wá orúkọ, nítorí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ a máa fà ọ́ lọ sínú àwo ẹlòmíràn. Fóònù kì í sábà sọ ẹni tí ó ta béèsì fún ọ.

Ọ̀rọ̀ jazz yìí fẹ́ kó bá mi nígbà kan. Nílé ìjọsìn tí mo dàgbà sí, jáàsì ni ìlù tí a ń fi igi méjì lù, tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro ẹ̀wẹ̀, jazz ni oògùn. Mo sọ fún aládùúgbò mi kan pé páálí jazz mẹ́rin ló wà lábẹ́ ibùsùn mi, àfi bí ẹni tí ń tọ́jú ilé ṣe wá kan ilẹ̀kùn mi ní ọjọ́ kejì pé òun fẹ́ wo yàrá.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìwákiri yìí ni ibi tí mo ti ń pàdé ará ilé. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ni ó gbé ìlù Yorùbá sórí àwo ní New York ní ọdún 1960, àwọn oníjazz sì sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, ilé àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni John Coltrane ti fọn sasofóònù rẹ̀ lójú èrò, kò sì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ó fi papò dà. Tony Allen, tí ó lu ìlù fún Fẹlá, fetí sí Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jazz, lórí àwo títí ìlù wọn fi wọ̀ ọ́ lára, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, ó fi odindi àwo kan lu àwọn orin Blakey lọ́nà tirẹ̀. Mo máa ń fi Blakey sí i, kí n tó fi Allen tẹ̀ lé e láìdá ẹnu dúró, kí àwọn tó ń jẹ súyà lè gbọ́ ọmọ lẹ́yìn bàbá.

Nígbà tí bàbá mi àgbà kú, ẹbí pín ilé, wọ́n pín oko. Kò sí ẹni tí ó bèèrè àwo. Ikán ti jẹ páálí púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ikán kò rí eyín fi jẹ àwo. Omi tútù, ìwọ̀nba ọṣẹ olómi àti aṣọ rírọ̀ ni mo fi fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ilà ṣe yí ni ọwọ́ ń yí, a kì í nù ún lábùú, omi kò sì gbọdọ̀ kan bébà àárín. Òjìji ni mo sá wọn sí, nítorí oòrùn ọ̀sán wa lè ká àwo bí ewé kókò. Òró ni wọ́n sì ń dúró. Ẹni tí ó bá tò wọ́n lé ara wọn bí àwo ìjẹun yóò bá èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ní wíwọ́. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà kò dára: bí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń tiro, Coltrane náà a máa tiro. Technics SL-1200 àlòkù ni mo ń lò báyìí, irú tí wọ́n ṣe ní 1979, tí mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ àwo gan-an, tí kì í sì í bá jẹnẹrétọ̀ tiro. Ẹnì kan yá àwo Blakey mi fún ọjọ́ méjì, ó dá a pa dà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pẹ̀lú àbàwọ́n ẹ̀bà. Láti ìgbà náà, n kì í yáni mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo gbé Fóyánmu sí ọwọ́ òsì, ojú kìn-ín-ní, mo sì gbé ìlù hip hop kan sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ibi ọgbẹ́, n kò fọwọ́ kàn án. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ń pa dà, ó ń pa dà, mo sì ń rọra fi ìka ti ọ̀pá tí ń mú ẹ̀rọ kejì yára tàbí fà síwá sẹ́yìn títí àwọn méjèèjì fi jọ ń mí. Àwọn ọmọ kan nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Nígbà náà ni bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dìde láti igun, wọ́n rọra rìn wá bá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ rẹ ti há o. Wá kọ́bọ̀ kan lé e lórí."

"Ẹ ṣé o, bàbá," ni mo wí, mo sì tẹríba. Wọn kò lọ. Wọ́n tẹ ọwọ́ bọ àpò agbádá wọn, wọ́n tú u títí, wọ́n tún tú ti bùbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, owó bébà nìkan ló wà níbẹ̀.