Ìràwọ̀ méjì nínú àmì kan

Òjò ò jẹ́ ká rí nǹkan kan lókè l'Adó-Èkìtì lónìí, látàárọ̀ ni ojú ọ̀run ti ṣú, síbẹ̀ ìràwọ̀ ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí wò, orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń wò wọ́n. SuperWASP Variable Stars lorúkọ iṣẹ́ náà, orí Zooniverse ló wà, ìkànnì tí àwọn èèyàn lásán ti ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, wọn ò bi ẹ́ bóyá o ní sátífíkéètì. Wọ́n á gbé gráàfù ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan síwájú ẹ, wàá wò ó dáadáa, wàá sọ irú èyí tó jẹ́: ṣé ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ni, àbí ẹyọ kan tó ń wú tó tún ń sọ̀, àbí èyí tó ní àbàwọ́n lára tó ń yí lójú kan, àbí détà tí ò wúlò rárá.

Èyí tí mò ń wá gan-an ni àwọn méjì-méjì yẹn, pàápàá àwọn tó súnmọ́ra débi pé ọ̀kan ń fa nǹkan lára èkejì. Kò sí kámẹ́rà tó ń ya gbogbo ojú ọ̀run tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń rí. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ń padà ló ń tú àṣírí wọn. Bíi Algol, ìràwọ̀ téèyàn lè fojú lásán rí láti ibí lápá àríwá lásìkò ọyẹ́, ní gbogbo ọjọ́ 2 àti wákàtí 20 ó lé díẹ̀ ló máa ń ṣókùnkùn fún bíi wákàtí 10. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú York ní England, John Goodricke, tí ò lè gbọ́rọ̀, ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà tó sọ ní 1783 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ńlá kan ló ń yí i po tó ń dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ló kú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ọ̀rọ̀ Algol tún jinlẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Ìràwọ̀ tó bá wúwo ló máa ń tètè jó epo inú ẹ̀ tán, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ darúgbó. Àmọ́ ti Algol, èyí tó fúyẹ́ ló ti wú bí arúgbó, èyí tó wúwo ṣì ń ṣe ọ̀dọ́! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tó fúyẹ́ báyìí ló wúwo jù tẹ́lẹ̀, nígbà tó wú, gáàsì ara ẹ̀ kọjá ibi tí òòfà tiẹ̀ lè dì í mú dé, ló bá ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ èkejì, ó ṣàn títí tí ipò fi yí padà láàárín wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ìràwọ̀, mi ò tíì rí èyí tó wú mi lórí tó yìí.

Láyé Goodricke, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí wọn. Ní báyìí, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya ojú ọ̀run lálaalẹ́ ló ń kó wọn jọ. Àwọn ará Poland tó ń ṣe OGLE, iṣẹ́ yíya ojú ọ̀run kan, ní Chile láti 1992 ti kó ju 450,000 ìràwọ̀ méjì-méjì lọ jọ láti agbègbè àárín gbùngbùn Milky Way, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tiwa, nìkan, ti Gaia, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, lé ní mílíọ̀nù méjì. SuperWASP yìí ńkọ́, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ míì po ni wọ́n fi wá, ọ̀wọ́ kámẹ́rà kan wà ní La Palma, erékùṣù Spain kan, èkejì wà ní Sutherland ní South Africa, torí ìràwọ̀ méjì kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, àmọ́ gbogbo ohun tó rí ló kọ sílẹ̀.

Àbúrò mi wá jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é ni, tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú?" Mo ní ó ń ṣe é, àmọ́ ó níbi tó ń kù sí. Wò ó, àwòrán yẹn ò tẹ̀ léra, ilẹ̀ á mọ́, kùrukùru á bò ó, òṣùpá á yọ, tó o bá tò ó bó ṣe wà, àmì tó fọ́n káàkiri lásán lo máa rí. Kọ̀ǹpútà á wá dán oríṣiríṣi àsìkò wò, á gé àkọsílẹ̀ náà sí abala tó gùn dọ́gba, á tò wọ́n lé ara wọn, tó bá bọ́ sí àsìkò tó tọ́, gbogbo abala á bára mu, àwòrán á yọ. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìràwọ̀ méjì tó fara kanra máa ń ní kòtò méjì nínú gráàfù fún ìyípo kan, kòtò méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kọ̀ǹpútà á kàn ní ọ̀kan náà ni wọ́n, á pe àsìkò ìyípo wọn ní ìdajì. Ojú èèyàn ló máa rí i pé ọ̀kan jìn ju èkejì lọ díẹ̀.

Àwọn tó fara kanra yìí, W Ursae Majoris ni wọ́n fi ń pe irú wọn, wọn kì í lò tó ọjọ́ kan kí wọ́n tó yípo, òmíràn ò ju wákàtí mẹ́fà lọ. Àbúrò mi ní ṣé bí Ìkọ̀gọ̀sí, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, mo ní rárá o, ní Ìkọ̀gọ̀sí kálukú ṣì di ìwà ẹ̀ mú níbi tí wọ́n ti pàdé, àmọ́ àwọn ìràwọ̀ yìí ń pín ooru láàárín ara wọn títí gbígbóná wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ dáadáa.

Mo wá sọ ti V1309 Scorpii fún un. Ní 2008 ìràwọ̀ kan ṣàdédé mọ́lẹ̀ gan-an. Nígbà tí Romuald Tylenda, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Poland, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ tú àkọsílẹ̀ OGLE wò, wọ́n rí i pé ìràwọ̀ ọ̀hún ti wà níbẹ̀ látọdún pípẹ́, méjì tó fara kanra ni, bíi ọjọ́ 1.4 ni wọ́n fi ń yípo, àsìkò yẹn sì ń kéré sí i lọ́dọọdún, títí tí wọ́n fi wọnú ara wọn. Ní 2011 ni wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe! Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn téèyàn bá ń sọ pé kí wọ́n pa détà àtijọ́ rẹ́ torí ó ti gba àyè jù. Rubin, ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ ńlá tó wà ní Chile náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde láti oṣù kẹfà 2025, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fi ya ojú ọ̀run apá gúúsù lemọ́lemọ́, détà tó máa ti ibẹ̀ wá ò ní kéré rárá.

Kí n tó pa láptọ́ọ̀pù, gráàfù kan jáde tí mo wò títí. Kòtò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ òkè tó wà lápá òsì ga ju tọ̀tún lọ. O'Connell ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ló gbà pé àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ ló ń fà á. Mo fi í sí àwọn tó fara kanra, àwọn míì náà máa wo gráàfù yẹn kí wọ́n tó fẹnu kò. Mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú ìwé mi, mo fẹ́ wo détà ọdún míì bóyá òkè yẹn ti bọ́ sápá kejì, torí àbàwọ́n kì í dúró sójú kan.