Egbò asofẹ́yẹjẹ àti oògùn BP: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára bàbá mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ bi wọ́n àgbo tí wọ́n ń mu. Ẹ rọra bi wọ́n o, torí tẹ́ ẹ bá gbójú mọ́ wọn wọ́n á ní ewé lásán ni. Ohun tí bàbá mi sọ fún wa nìyẹn títí a fi rí ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n rẹ sínú omidùn, wọ́n ń mu ún pẹ̀lú oògùn BP tí dókítà kọ fún wọn. Tí wọ́n bá dìde báyìí òòyì á gbé wọn, imú wọn dí, oorun ṣáá, ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n máa ń bá tayò, wọn ò dá a lóhùn mọ́, gbogbo wa sì ń sọ pé ara àgbà ni.

Nọ́ọ̀sì tó wọn BP wọn ló kọ́kọ́ pariwo, ó ti wálẹ̀ jù, ọkàn wọn sì ń lù díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ká lọ gbé ìgò yẹn wá.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa igi yìí. Kẹ́míkà kan wà nínú èèpo egbò rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine. Iṣan ara wa, èyí tí òyìnbó ń pè ní nerve, máa ń fi àwọn kẹ́míkà kan ránṣẹ́ síra wọn, noradrenaline, dopamine, serotonin, wọ́n sì ń kó wọn pamọ́ sínú àwọn àpò tíntìntín. Reserpine ló ń dí ẹnu àpò yẹn, ohun tó yẹ kó wọlé ò wọlé mọ́, ó ń ṣòfò síta, nígbà tó bá yá iṣan ò ní nǹkan tó máa fi ránṣẹ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ọkàn á rọra máa lù, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀. Nínú ọpọlọ náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa fi ń lò ó fún ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, ara ẹ̀ á wálẹ̀, á sùn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, inú mi sì ń dùn sí i. Ọdún 1952 ni àwọn ará Ciba, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ní Switzerland, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kẹ́míkà yìí jáde lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, ní 1960 sì ni dókítà Raymond Prince kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pé àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, oògùn reserpine tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru lóòjọ́, 0.25 miligíráàmù ni tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Ta ló wá lè fi kọ́ọ̀bù wọn ìyẹn nínú ìgò? Egbò igi tó ti dàgbà yàtọ̀ sí ti kékeré, èèpo egbò yàtọ̀ sí ewé, èyí tó rẹ̀ pẹ́ yàtọ̀ sí ti àná. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ máa ń jókòó ti aláìsàn ẹ̀, á máa wo ojú ẹ̀. Ẹni tó ń ta á nínú ìgò omi ní gáréèjì tó ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà àti BP pọ̀, èmi ò fọkàn tán an rárá.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, aláboyún, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn. Ẹ má sì dá oògùn dókítà dúró fúnra yín nítorí àgbo. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ sọ ìgbà tí wọ́n mu ún kẹ́yìn, kódà tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, torí agbára ẹ̀ kì í tètè kúrò lára. Iṣan gbọ́dọ̀ ṣe àpò tuntun kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò.