Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Egbò Ẹ̀yìn Etí Yẹn Ti Lọ

Àfín ni mí, jẹjẹrẹ awọ ara sì ni egbò ẹ̀yìn etí mi tí wọ́n gé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde, ẹ sì mọ ìtumọ̀ orúkọ ọjọ́ náà. Wọ́n ti gé gbogbo jẹjẹrẹ náà kúrò, kò ràn dé ọrùn. Mo sunkún nínú Màrúwá débi pé awakọ̀ ní kí n má wulẹ̀ sanwó mọ́.

Onídìrí mi ni Ọlọ́run lò. Ta ló ń rí ẹ̀yìn etí ara rẹ̀? Èmi kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ń yún mi, mo ń fi òrí pa á. Ó ń dirun lọ, ó ṣàdédé dákẹ́. “Àǹtí, egbò yìí ti wà níbẹ̀ ní oṣù 3 sẹ́yìn. Ó ti tóbi sí i.” Ló bá gbé òòyà sílẹ̀, ó ní òun ò ní parí orí náà àfi tí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Inú bí mi o! Ìdajì orí dídì ni mo gbé wọ ọsibítù, gèlè ló bò mí láṣìírí.

Dókítà wá ń fi ìka tẹ ọrùn mi bóyá kókó wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọn ò sọ̀rọ̀. Fáànù òkè àjà ni mo tẹjú mọ́: abẹ̀bẹ̀ 3, ọ̀kan ti tẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iyọ̀ tí mò ń jẹ ló fà á, ẹ kú ìmọ̀ràn. Oòrùn ọjà ni. Awọ àfín ò ní ohun dúdú tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ̀yin ará ilé bàbá mi tí ẹ ní màmá mi ló rìn lọ́sàn-án gangan nínú oyún tó fi bí àfín, dókítà ní ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, bí àwọn méjèèjì tiẹ̀ dú bíi kóró iṣin. Oyún kọ̀ọ̀kan tí bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì gbé e lára bá ní, ìdá 1 nínú 4 ni pé kó jẹ́ àfín. Ẹ lọ bẹ màmá mi.

Àfín ẹgbẹ́ mi, akẹtẹ̀ ni kí ẹ máa dé, fìlà kì í bo etí. Láti aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ibòji. Ìpara tó ń dènà oòrùn wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ òrí ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Egbò tí kò bá jiná lóṣù kan, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Bí ojú abẹ bá ti san, mò ń lọ parí orí mi. Onídìrí mi ní ọ̀fẹ́ ni. Irọ́ ni, ìlọ́po méjì ni màá san.