Fọ́tò Ìgbéyàwó Láàárín Àwọn Òkè Glencoe: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Bí ọkùnrin àti obìnrin bá pinnu pé àwọn méjèèjì nìkan ni yóò ṣe ìgbéyàwó wọn láàárín òkè, láìsí aṣọ ẹbí, láìsí alága ìdúró tàbí alága ìjókòó, láìsí olórin tí yóò máa ki ará ilé, iṣẹ́ onífọ́tò yí padà pátápátá. Níbi ìnáwó ńlá, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn, bí ohun kan bá bọ́ mọ́ onífọ́tò lọ́wọ́, àbúrò ìyàwó ti yà á sórí fóònù, àwọn àlejò sì pọ̀ tí wọn yóò ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Láàárín òkè, kò sí ẹlòmíràn. Ohun tí onífọ́tò kò bá yà, àwọn òbí tó wà nílé kò ní rí i láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ni à ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún, àti pé ẹwà òkè, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò gbọdọ̀ gba ipò wọn.

Ilẹ̀ Skọ́tlándì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pàápàá ní àfonífojì Glencoe, níbi tí títì A82 ti gba àárín àwọn òkè gíga kọjá. Òfin ibẹ̀ fàyè gbà á pé kí a so tọkọtaya pọ̀ ní ìta gbangba, ní etí odò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, bí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti so wọ́n pọ̀ bá ti gbà láti bá wọn débẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ti fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní M10 ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ agbègbè náà, ó pẹ́ tán nígbà tó bá ku ọjọ́ 29 sí ìgbéyàwó, ẹlẹ́rìí méjì tí ọjọ́ orí wọn kò dín sí ọdún 16 sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ojú sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí dáadáa, nítorí pé níbi tí kò ti sí ẹbí, onífọ́tò ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀ pé kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Mo máa ń mú ọmọṣẹ́ mi dání kí òun lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì: bí mo bá ń fọwọ́ síwèé, òun ló ń di kámẹ́rà mú, bó bá kan òun, mo gba kámẹ́rà padà. Ẹ mú pátákó pẹlẹbẹ tí wọn yóò gbé ìwé ìgbéyàwó tí gbogbo wọn yóò fọwọ́ sí lé, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú nylon tó nípọn, nítorí pé òjò Glencoe kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Láàárín ọjọ́ 3 lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ìwé náà gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, mo sì máa ń rán wọn létí kí a tó pínyà.

Ní ti ibi tí a ó dúró sí, ẹsẹ̀ ìyàwó ni kí a kọ́kọ́ rò, kí a tó ro ojú kámẹ́rà. Ó wù mí láti lo ìsàlẹ̀ Buachaille Etive Mòr, òkè kan tó ga ju mítà 1,000 lọ, nítorí pé ilé funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní Lagangarbh wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìrìn tó wà láàárín ibẹ̀ àti títì kò sì jìnnà, èèyàn kàn máa gba orí afárá odò Coupall kọjá ni. Kùrukùru lè bo òkè náà mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún tọkọtaya ṣáájú pé wọ́n lè má rí ṣóńṣó òkè rárá, kí ẹ sì ti yan etí odò tàbí igbó sílẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́. Nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kantíkantí máa ń bo èèyàn bí atẹ́gùn bá dákẹ́, nítorí náà ibi tí atẹ́gùn díẹ̀ ti ń fẹ́ ló dára. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yìí kan náà ni ọ̀tá gèlè. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí wọ́n fi píìnì há gèlè náà dáadáa láti ilé, kí ọkọ sì di fìlà rẹ̀ mú bí ẹ bá ń rìn. Aṣọ òkè tó bá mu omi máa ń wúwo gidigidi, nítorí náà ẹ̀wù òjò ni kí wọ́n wọ̀ lé e títí a ó fi débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyẹn lọ. Ojú ọ̀run Skọ́tlándì máa ń funfun lẹ́yìn tọkọtaya, bí kámẹ́rà bá sì rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò dín in kù fúnra rẹ̀, ojú ọmọ aláwọ̀ dúdú yóò sì ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí ẹyinjú rẹ̀. Ojú wọn nìkan ni mo máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí, bí ojú ọ̀run bá fẹ́ funfun ju bó ṣe yẹ lọ, kó máa funfun. Èyí tó tún dára jù ni pé kí a jẹ́ kí àpáta wà lẹ́yìn wọn, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sì wá láti iwájú. Òkúta tí òkè ayọnáyèéfín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ ló wà ní Glencoe, ó dúdú, ó sì máa ń jẹ́ kí aṣọ àti ojú yọ dáadáa. Bí ẹ bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe bó ọmọ ọlọ́mọ láwọ̀. Ìyá tó bí i mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dúró níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé e pé òun yóò pe ilé lórí fídíò. Mo máa ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn pé kí àwọn òbí fi ohùn wọn ránṣẹ́ ṣáájú. Ìyàwó kan gbé àdúrà tí bàbá rẹ̀ gbà láti Ìbàdàn sí orí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òrùka bọra wọn lọ́wọ́. Bí ohùn bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀, tó pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú oríkì, ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí koríko tútù pẹ̀lú ìró aṣọ òkè rẹ̀, ọkọ ṣí fìlà, ó tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣe àmín. Òjò ń kán sórí fóònù, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún. N kò sọ̀rọ̀, n kò sì sún mọ́ wọn. Lẹ́ńsì mm 85 ni mo lò láti ọ̀nà jíjìn, mo sì ti pa ariwo kámẹ́rà. Òkè kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwọn fọ́tò yẹn, síbẹ̀ n kò lè fi wọ́n wé èyí tí òkè kún inú rẹ̀ bámú.

Ti ohun èlò kò le. Òtútù máa ń jẹ́ kí bátìrì tètè kú, nítorí náà àpò inú aṣọ ni kí àwọn tó kù wà. Kí kámẹ́rà máa kọ fọ́tò sórí káàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí aṣọ ìnulẹ́ńsì gbígbẹ sì pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí a bá ti dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo máa ń yan fọ́tò díẹ̀ fún tọkọtaya láti fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn lórí WhatsApp, èmi kì í sì gbé ohunkóhun sórí Instagram títí àwọn òbí yóò fi rí i. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ álíbọ́ọ̀mù kan fún ilé ìyàwó, ọ̀kan fún ilé ọkọ. Ẹ fi fọ́tò ìfọwọ́síwèé sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí orúkọ ọmọ hàn ketekete lórí ìwé náà, nítorí pé ìyẹn ni àwọn bàbá máa ń kọ́kọ́ wá.