Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Túùbù

Wẹ́dà ni mí, túùbù irin ni mo máa ń jó pọ̀ ní ojú tá à ń pè ní jọ́ìntì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ àkísà kan lẹ́nu túùbù bọ́ílà, ẹ̀rọ ńlá tó ń se omi di sítíìmù. Ọmọkùnrin tó kì í bọ̀ ọ́ ń wò mí bí ẹni tí mo já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, mo ti so wáyà mọ́ ọn, màá fà á yọ." Mo ní tó bá ti jó jọ́ìntì kejì pa ńkọ́, ihò wo ló fẹ́ gbà fà á? Kò rí nǹkan sọ. Èmi náà jókòó sórí pákó, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi, ẹnì kan sáré lọ bu omi wá.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti rí irú àkísà yẹn rí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi kì í ṣe àkísà.

Ó pé ọdún 27 lóṣù yìí tí mo yege ìdánwò 6G àkọ́kọ́ mi, ìdánwò wẹ́dà lórí páìpù tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 45, tí ẹ ò gbọdọ̀ yí, àfi kí ẹ̀yin fúnra yín máa yí i ká bí ẹni tó ń jó lójú agbo. Mo ní màá fi àjọ̀dún yìí kọ ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ajáko kan. Ká wò ó bóyá a máa débẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń béèrè ìdí tá a fi ń yan ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tá a fi ń jó irin, nínú ààrò kó tó wọ iṣẹ́, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tó gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe géètì àti ojú fèrèsé, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Géètì tí wọn ò jó dáadáa, ariwo lásán ni yóò máa pa tí wọ́n bá ń ṣí i. Túùbù súpáhítà, èyí tó ń mú sítíìmù gbóná sí i nínú bọ́ílà, tí sítíìmù inú rẹ̀ gbóná tó dígírì 540 lórí ìwọ̀n Celsius, tí agbára tó fi ń ti ara túùbù ju ìlọ́po 100 agbára afẹ́fẹ́ tá à ń mí sínú lọ, ìyẹn kì í bá èèyàn ṣeré.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ kọ́ dígí. Nínú bọ́ílà, àlàfo tó wà láàárín túùbù kan sí èkejì lè má gbà ju ìka méjì lọ. Ojú ò dé ẹ̀yìn túùbù tó kọjú sí ògiri. Dígí kékeré la ń gbé síbẹ̀, inú rẹ̀ la ti ń wo irin tó ń yọ́. Bẹ́ ẹ bá ti tọ́ọ̀ṣì tá a fi ń jó irin síwájú, ẹ̀yìn ló ń lọ lójú yín. Dígí ìyàwó mi ni mo fi kọ́ ọ nílé fún oṣù mẹ́rin, mo mú bírò dípò tọ́ọ̀ṣì, mo ń kọ orúkọ ara mi yí ike omi ká. Mo fọ́ dígí méjì. Ìyá àwọn ọmọ mi ò tíì gbàgbé. Ẹ kọ́ ọwọ́ òsì pẹ̀lú, torí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ò ti ní wọlé ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ ka ohun tó wà lára wáyà tá à ń yọ́ sójú jọ́ìntì kẹ́ ẹ tó jó o. Wáyà ER90S-B3 là ń lò fún T22, irin túùbù tó ń fara da ooru. ER70S ni ti irin lásán. Lọ́wọ́ yín, bí ìbejì ni wọ́n rí, àwọ̀ bàbà kan náà ló sábà máa ń wà lára àwọn méjèèjì. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí wáyà nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí yẹn gan-an lẹ sì máa ń kọ́kọ́ jó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tí kò ní àmì. Tó bá ku èyí tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má ní ẹ ò fẹ́ ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ mọ gbogbo ohun tó wà nínú túùbù kẹ́ ẹ tó dé e pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe Egbin, kẹ́ ẹ má lọ máa ròyìn kiri. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ní bọ́ílà àti iná mànàmáná, ẹ̀rọ mẹ́fà oní-220 mẹ́gáwáàtì tó wà lẹ́bàá ọ̀sà lọ́nà Ìkòròdú ló máa ń wá sí yín lọ́kàn, torí púpọ̀ nínú àwọn ibùdó tó kù nílẹ̀ wa, gáàsì ló ń yí tọ́báìnì wọn tààrà láìsí bọ́ílà kankan. Kì í ṣe ibẹ̀.

Wọ́n ti pa bọ́ílà, a ń pààrọ̀ túùbù súpáhítà, T22 ni gbogbo rẹ̀. Jọ́ìntì 38 ni mo ti jó tí wọ́n ti ya fíìmù inú wọn, bí wọ́n ṣe ń fi X-ray ya egungun, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n ní kí n tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Mò ń rìn bí ọ̀kín nínú ọgbà yẹn. Àwọn ìnspẹ́kítọ̀ ń kí mi kí n tó kí wọn.

Ẹ mọ̀ pé tá a bá ń jó rúùtù, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ jọ́ìntì, a máa ń fi ágọ́ọ̀nù, gáàsì tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò, kún inú túùbù kí ẹ̀yìn rúùtù má baà jóná, kó má sì rí págunpàgun. Àwọn kan máa ń jiyàn pé T22 ò fi dandan nílò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa níbẹ̀ béèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kí ágọ́ọ̀nù má baà sá lọ sínú gbogbo bọ́ílà, a ó dí túùbù lápá ọ̀tún àti lápá òsì jọ́ìntì. Jọ́ìntì tí orí kan rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, ohunkóhun lẹ lè fi dí i, ẹ ó fi wáyà fà á yọ. Èyí tó kẹ́yìn, tó dé túùbù pa lórí méjèèjì, ìyẹn ò ní ọ̀nà àbájáde. Bébà kan wà tó máa ń yọ́ sínú omi, òun la ṣe ń rà á. Tí wọ́n bá ti tú omi sínú bọ́ílà láti dán an wò, bébà á yọ́, á bá omi lọ.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, bébà tán. Ó ku jọ́ìntì méjì, àwọn méjèèjì sì jẹ́ adénupa. Fọ́máànù wa dúró lẹ́nu ihò bọ́ílà, ó ní, "Ẹ wá nǹkan lò jàre, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ́ bá wa níbí." Ó yí padà, ó lọ mu tíì.

Mo wo ẹ̀yìn, mo rí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń fi iná yan jọ́ìntì máa ń wé mọ́ páìpù, òwú funfun tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí iná kì í jó. Mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Àkísà lè gbaná nígbà tí mo bá ń jó rúùtù, èyí ò lè gbaná láéláé. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gé mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ọmọ náà ò ju ogún ọdún lọ. Ó gé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wá dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe máa jáde?"

Mo dá a lóhùn pé, "Sítíìmù á tì í jáde." Lẹ́yìn náà mo fi kún un: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo jó méjèèjì. Mo lè búra pé mi ò jó jọ́ìntì tó dára tó wọn rí láyé mi. Fíìmù jáde, ó mọ́ tónítóní. Fíìmù kì í wo ju ojú jọ́ìntì àti ẹ̀bá rẹ̀ lọ, òwú tó wà níwájú ò kàn án. Wọ́n kún bọ́ílà lómi, wọ́n tì í dé ìlọ́po kan àtààbọ̀ agbára tí wọ́n ṣe é fún, kò sí ibi tó kán. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìdánwò omi ò lè sọ fún yín pé túùbù kan dí. Láti inú hẹ́dà kan náà, páìpù ńlá tó so gbogbo túùbù pọ̀, ni wọ́n ti ń gba omi, inú hẹ́dà kan náà ni wọ́n sì ń tú u sí, èyí tó dí náà á gba omi lórí méjèèjì, yóò dúró bí ọmọlúwàbí. Ìgbà tí iná bá dé tó yẹ kí sítíìmù máa sáré kọjá nínú rẹ̀ láti gba ooru kúrò lára rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n tanná sí i, ariwo bẹ̀rẹ̀ nínú bọ́ílà, omi tí wọ́n ń fi kún un sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n pa á. Ó gbà tó ọjọ́ méjì kó tó tutù tí èèyàn lè wọlé.

Túùbù kan ti wú, ó wá la ẹnu bí ẹnu ẹja, etí ibi tó ti là fẹ́lẹ́ bí abẹ. Sítíìmù tó ń tú jáde ti gé àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó bẹ́ jìnnà sí jọ́ìntì mi tó mítà mẹ́ta. Ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ náà! Mo ní kí wọ́n lọ gbé fíìmù mi wá. Mo gbé e sókè sójú iná, mò ń pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó bí ẹni tó ń polówó léèsì. Mo bú ẹni tó ra túùbù. Mo bú ẹni tó tanná. Mo ní ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ílà ló fẹ́ fi orúkọ mi wọ́lẹ̀.

Ẹnjiníà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ gbé túùbù náà lọ́wọ́, ó yí i. Ó ní, "Wẹ́dà, jọ́ìntì rẹ dáa. Èyí ò rí sítíìmù ni." Ó ní kí wọ́n gé e ní ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Wọ́n gé e. Òwú funfun bọ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó ti le gbagidi, etí kan ti dúdú. Ooru yẹn ò rí i gbé ṣe. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú un náà nìyẹn.

Wọ́n ní ta ló fi èyí síbẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Èmi ni mo gé e, sà."

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tó sọ. Gígé ló ní òun gé. Òótọ́ ni. Kò ní òun ló fi sí i. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí kí ẹlòmíràn parí gbólóhùn náà. Mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò. Fọ́máànù tó ní ká wá nǹkan lò wà níbẹ̀, òun náà ń wo fóònù rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ náà ní géètì. Èmi ni wọ́n ní kí n jó túùbù mẹ́ta tó bàjẹ́, owó òru ni wọ́n san fún mi. Bébà tí wọn ò rí rà láti oṣù yẹn wá, páálí mẹ́fà rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kejì.

Fọ́máànù yẹn di súpáfáísọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mi ò tíì dárí jì í, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi tó wà lọ́rùn tèmi ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí i. Ẹ̀yin àbúrò mi, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wá nǹkan lò, ẹ béèrè pé kó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, kó fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i pé tíì tó ń mu kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà sára ohun gbogbo tẹ́ ẹ bá kì bọ túùbù, ẹ ka iye tó wọlé, ẹ ka iye tó jáde. Túùbù tí orí rẹ̀ bá ṣì ṣí, ẹ ju bọ́ọ̀lù fóòmù sí i, kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ kọjá, kẹ́ ẹ gbá a mú lódì kejì. Adénupa, bébà nìkan. Bí bébà bá tán, iṣẹ́ tán. Kí ilẹ̀ mọ́ bá yín, ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó bí fọ́máànù. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá bi yín ní ìbéèrè ní aago méjì òru, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ dá a lóhùn. Ẹ má sọ irú ohun tí mo sọ. Mo ti ń fi gbogbo ìgbà rò ó, ọmọ ogún ọdún ló rí ohun tí èmi tí mo ní fíìmù 38 ò rí, ẹ wá ń sọ fún mi pé ìrírí ni gbogbo nǹkan. Ìrírí wo? Ìrírí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òwú yẹn kì í jóná.

Mo rí i pé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló kù nínú ìwé ajáko yẹn. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí bí a ṣe ń mú páìpù P91, irin mìíràn tó ń fara da ooru, gbóná kí a tó jó o, ó ṣe pàtàkì, ẹ bi mí tá a bá pàdé.

Ọdún keje lẹ́yìn náà ni mo rí nọ́ńbà ọmọ náà gbà. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, géètì àti ojú fèrèsé ló ń ṣe. Kò pè mí ní ọ̀gá mọ́, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀ọ̀dá." Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní kó padà wá sídìí páìpù, èmi ni màá san owó ìdánwò 6G rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti ń ra bébà yẹn báyìí?"

Mo ní wọ́n ti ń rà á.

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má bínú, oníbàárà kan ń dúró de géètì rẹ̀.