Áńtẹ́nà fún Rédíò Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Maryland: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Áńtẹ́nà tí mo fúnra mi ṣe láti máa fi gbọ́ rédíò ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, ti wà lójú fèrèsé, ohùn àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sì ti ń já gaara. Mo ń kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ nítorí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Prince George's County yìí, ojoojúmọ́ la sì ń gbọ́ férè ọkọ̀ ọlọ́pàá lójú Beltway, òpópónà ńlá tó yí Washington ká, láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Maryland FiRST ni orúkọ ètò rédíò tí gbogbo ìpínlẹ̀ jọ ń lò. P25 Phase II, ìlànà rédíò dígítà fún iṣẹ́ ààbò ìlú, ni, orí 700 MHz ló wà; àárín 769 sí 775 MHz ni àwọn òpó rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, agbègbè 39 MHz ni àwọn ọlọ́pàá yìí wà, apá áńtẹ́nà tó bá yẹ ẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Ní 770 MHz, kò tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè ṣe é fúnra mi lórí tábìlì oúnjẹ.

Kò sí ìkànnì kan tí ẹ lè tọ́ka sí pé ti ọlọ́pàá nìyí. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìkànnì adarí kan wà tí kì í dákẹ́. Òun ló ń sọ fún rédíò kọ̀ọ̀kan pé kí ẹgbẹ́ báyìí bọ́ sí ìkànnì báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, wọ́n á kúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé. Nítorí náà, nọ́ńbà ẹgbẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní talkgroup, lẹ máa tẹ̀ lé. Phase II tún máa ń kó ọ̀rọ̀ méjì sórí ìkànnì kan, tí wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní mílísẹ́kọ́ńdì 30-30.

RTL-SDR méjì (ẹ̀rọ kékeré tí ń gba rédíò, tí a ń kì bọ USB) àti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ní SDRTrunk, sọ́fítíwíà tí ń tẹ̀ lé talkgroup, lórí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ẹyọ kan kò tó, torí kì í rí ju nǹkan bí 2.4 MHz lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìkànnì ibùdó kan lè fọ́n ká ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Simulcast ló gbà mí lákòókò jù. Àmì kún dẹ́múdẹ́mú lójú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ohùn ń já, ó ń ta kókó, ìgbà mìíràn á sì dákẹ́ pátápátá láàárín ọ̀rọ̀. Ohun tí simulcast jẹ́ ni pé òpó púpọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìkànnì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jìnnà á pẹ́ ju èyí tó súnmọ́ lọ díẹ̀ kó tó dé etí áńtẹ́nà, bí ìgbà tí ìjọ bá ń ka Sáàmù pọ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi ọ̀rọ̀ kan gbẹ̀yìn. Etí èèyàn lè fara dà á. Ẹ̀rọ tó ń ka òdo àti ení kò lè fara dà á. Áńtẹ́nà ńlá lórí òrùlé á tún bà á jẹ́ sí i ni, torí òpó tó máa gbọ́ á pọ̀ sí i.

Ohun tó tún un ṣe ni kí n gbọ́ díẹ̀. Mo gé wáyà kọ́pà mẹ́ta mọ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan: ti ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.5, ti àárín tí okùn wọ̀ jẹ́ 18.5, ti iwájú jẹ́ 17.5, àlàfo wọn tó 7. Mo kọ ojú rẹ̀ sí òpó kan ṣoṣo, mo fi ògiri ilé dí èyí tó kù. Mo dín gain, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ fi ń fa àmì, kù, mo sì yí SDRTrunk láti C4FM, ètò lásán, sí LSM, ètò fún simulcast. Àmì wálẹ̀, ohùn sì mọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni orúkọ ìpè. Lẹ́tà kan ni bárékè (àgọ́ ọlọ́pàá) kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: A ni Waterloo, B ni Frederick, L ni Forestville, N ni Rockville, Q ni College Park, R ni Golden Ring. M ni ti JFK Highway, ìyẹn I-95 lápá àríwá Baltimore. Bí mo bá ti gbọ́ lẹ́tà, mo ti mọ apá ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ọ̀nà. Mo kọ gbogbo wọn sórí káàdì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù.

Àwọn hẹlikọ́pítà wọn ń jẹ́ Trooper, láti 1 dé 7. Trooper 1 wà ní Martin State Airport, Trooper 2 ní Joint Base Andrews nítòsí wa níbí, Trooper 4 ní Salisbury. Irú hẹlikọ́pítà tí wọ́n ń pè ní AW139 ni wọ́n, iṣẹ́ ọlọ́pàá àti gbígbé ẹni tó fara pa ni wọ́n sì ń ṣe pọ̀. SYSCOM, ibùdó ìbánisọ̀rọ̀ kan ní Baltimore, ló ń darí wọn. Mi ò lè gbọ́ "Trooper 2" kí ọkàn mi má lọ sí alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2008, nígbà tó já lulẹ̀ sínú igbó ní District Heights nínú kùrukùru. Èèyàn mẹ́rin kú nínú márùn-ún, ó sì gba nǹkan bíi wákàtí méjì kí wọ́n tó rí wọn. Ẹni bá ń gbọ́ ìkànnì wọn, kó fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ.

Nílé, ní Nàìjíríà, a ṣì ń jiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ó wù mí kí àwọn tó ń jiyàn náà tún béèrè ọ̀rọ̀ rédíò: ṣé ọlọ́pàá, panápaná àti àwọn tó ń gbé aláìsàn máa lè bára wọn sọ̀rọ̀?

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, láti 1986, gbà kí aráàlú gbọ́ rédíò ọlọ́pàá tó wà ní gbangba. Èyí tí wọ́n ti sọ di bòńkẹ́lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni tí mo gbọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí New York, ẹ má gbé skánà (rédíò tí a fi ń gbọ́ ọlọ́pàá) sínú ọkọ̀ láìka òfin wọn lórí rẹ̀ ná.

Èyí tó kù ni RTL-SDR kẹta fún 118 sí 137 MHz, níbi tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ń bá òpó pápákọ̀ sọ̀rọ̀ lórí AM. Apá áńtẹ́nà ibẹ̀ máa tó sẹ̀ǹtímítà 60, kò lè gba ojú fèrèsé yìí. Mo ń wá ibi tí mo máa so ó sí ní ẹ̀yìnkùlé.